Ìbọn Tí Kò Rí Ọta Yá

Ní Skerry Arm, abúlé apẹja kan ní ilẹ̀ òtútù, bí ọkùnrin kan bá kan ilẹ̀kùn rẹ nígbà ìwọ́wé, tó sì na àtẹ́lẹwọ́ láìsọ ohunkóhun, o kò ní bi í léèrè ohun tó ń wá. O ó wọlé lọ, o ó ṣí dúrọ́ọ̀ tí ọ̀bẹ àti okùn wà, o ó sì kó ọta ìbọn díẹ̀ sí i lọ́wọ́. Yóò san án padà nígbà tó bá dé ṣọ́ọ̀bù, tàbí kí o jí lọ́jọ́ kan kí o bá ẹran tútù lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Ohun tó mú kí àṣà yìí rọrùn ni pé ọta kan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìbọn abúlé náà ń jẹ. Lẹ́yìn ogun ńlá, ìjọba ta ìbọn àwọn sójà ní pọ́ọ́kú. Àwọn bàbá wọn rà wọ́n, wọ́n gé igi ara wọn kúrú, wọ́n sì ń fi wọ́n pa múùsì, ẹran oníwo gbàràgàdà tó ga ju ẹṣin lọ, tí wọ́n ń gbára lé ní ìgbà òtútù. Tírí-ò-tírí ni wọ́n ń pe ọta náà. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ra ìyẹ̀fun àti ìwọ̀ ẹja náà ni wọ́n ti ń rà á.

Selby Froude mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe. Ó jẹ́ ẹni tín-ín-rín tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, tó sì fẹ́ràn kí ohun gbogbo bá ìṣirò mu. Bí ọ̀dọ́ kan bá fẹ́ ra ìbọn àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ, Selby á sì dá a lóhùn níwájú káńtà ṣọ́ọ̀bù.

"Ọ́ńkù Selby, irú ìbọn wo ni kí n rà?"

"Yíjú sí ẹ̀yìn Àǹtí Effie. Kí lo rí lórí pẹpẹ?"

"Tírí-ò-tírí. Tátì-ò-síìsì díẹ̀."

"Ó tán. Mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Má ra ìbọn tí oúnjẹ rẹ̀ ń bẹ ní ìlú mìíràn."

Àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ Selby ní etíkun yẹn máa ń sọ pé ìbọn dídán ló wọ̀ ọ́ lójú tó fi gbàgbé ọgbọ́n ara rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí á tún un ṣe. Selby kò gbàgbé ohunkóhun. Ìṣirò ló ṣe, ìṣirò náà kò sì pé.

Ọ̀rọ̀ kan tí Effie Pardy sọ ló dá a sílẹ̀. Obìnrin yìí ló ni ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe àǹtí ẹnikẹ́ni nínú wọn, ṣùgbọ́n gbogbo obìnrin tó bá ti dàgbà ní Skerry Arm ni àǹtí, gbogbo ọkùnrin tó bá ti dàgbà sì ni ọ́ńkù.

"Selby," ló wí bó ṣe ń di ọjà fún un, "ẹni tó ń kó ọta wá fún mi sọ pé tírí-ò-tírí ò ní pọ̀ mọ́. Ti àwọn sójà ti tán nínú ilé ìpamọ́. Tuntun ni wọ́n á máa ṣe báyìí, owó rẹ̀ á sì lé."

"Yóò ti lé tó, Àǹtí Effie?"

"Ṣé èmi ni mò ń rọ ọ́ ni? Ra páálí méjì, kó o máa lọ. Èèyàn wà lẹ́yìn rẹ."

Selby ra páálí méjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé e délé. Ní gbogbo ìgbà òtútù náà, ó ń rò ó bó ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Bí ọta bá ń wọ́n sí i lọ́dọọdún, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìbọn tírí-ò-tírí yóò di ọ̀pá lásán. Gbogbo ayé yóò fẹ́ ta tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní sí ẹni tí yóò rà á. Ẹni tó bá tètè tà á ni yóò jèrè. Ohun tí kò rò ni pé gbogbo ilé ní etíkun náà ló ní ìbọn yẹn, àti pé níwọ̀n ìgbà tí gbogbo ilé bá ní i, kò sí oníṣọ́ọ̀bù kan tí yóò fi ojú ara rẹ̀ kọ̀ láti ta ọta rẹ̀.

Nígbà tí yìnyín yọ́, ó lọ sí Gander, ìlú ńlá tó sún mọ́ wọn jù, lọ ra ohun èlò ẹ́ńjìnnì. Níbẹ̀ ló ti bá ọkùnrin kan pàdé tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti kó lọ sí Alberta lọ́nà jíjìn. Ìbọn kan wà lára ẹrù náà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tuntun, tí wọ́n ti de awò awọ̀nàjíjìn mọ́ lórí, igi rẹ̀ sì ń dán bí tábìlì ilé ìjọsìn. Owó tí ọkùnrin náà dá lé e kò tó ìdajì ohun tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ máa ń mú wọlé. Ọta tí wọ́n ń pè ní tú-éètì ló ń jẹ.

"Ọta gidi ni," ọkùnrin náà ní. "Ó ń lọ tààrà, kì í sì í ta èèyàn léjìká púpọ̀. Màá fi páálí méjì kún un fún ọ."

Selby bi í bóyá ó ti ṣubú rí, ó bi í nípa ìwọ̀n rẹ̀, ó bi í nípa awò rẹ̀. Kò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó ti ń fi kọ́ gbogbo ọ̀dọ́ abúlé rẹ̀. Ó sanwó. Kí oṣù náà tó parí, ó ta tírí-ò-tírí tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un fún ẹnì kan ní òdìkejì omi, kí owó rẹ̀ tó já wálẹ̀. Owó rẹ̀ kò já wálẹ̀ títí di òní.

Garland Hynes ló kọ́kọ́ rí ìbọn tuntun náà. Apẹja ni Garland, ó sanra, ohùn rẹ̀ ń dún láti orí omi dé inú ilé. Láti kékeré ni òun àti Selby ti jọ ń ṣe. Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti gbéyàwó ni wọ́n sì ti jọ ń fi orúkọ sílẹ̀ fún ìwé-àṣẹ múùsì kan ṣoṣo, bí àṣà wọn ṣe rí: ìwé kan, ẹran kan, èèyàn méjì. Wọ́n á fi orúkọ ránṣẹ́ sí ìjọba, ìjọba á ṣẹ́ kèké, orúkọ wọn lè jáde, ó sì lè má jáde. Bó bá jáde, wọ́n á pín ẹran náà sí méjì dọ́gba-dọ́gba.

"Ẹ wá wò ó o!" Garland pariwo ní èbúté níwájú gbogbo èèyàn. "Selby ti ra ìbọn ọba!"

"Gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Ìpẹ́ ẹja wà lọ́wọ́ rẹ."

"Kí ló ń jẹ?"

"Tú-éètì."

"Ta ló ní i ní Skerry Arm?"

"Èmi."

"Ta ló tún ní i?"

Selby fi aṣọ nu ara ìbọn náà.

"Kò burú," Garland ní. "Tí ọta bá tán lọ́wọ́ rẹ, kó o lọ kan ilẹ̀kùn ara rẹ, ọ̀rẹ́ mi. Ṣùgbọ́n kàn án jẹ́jẹ́, kó o má jí Verna."

Verna ni ìyàwó Selby. Gbogbo èbúté bú sẹ́rìn-ín. Selby náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Láti ọjọ́ náà, kì í ṣe ìbọn nìkan ló ń gbé mọ́, ó ń gbé ẹjọ́ kan tó fẹ́ jàre.

Ó lọ bá Àǹtí Effie.

"Tú kí ni?" ni ìyẹn bi í.

"Tú-éètì. Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kó ọta wá."

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni èsì dé. "Wọ́n ní àfi kí n ra odindi àpótí. Ìwọ á ra páálí kan nínú rẹ̀. Ta ni yóò ra ìyókù, ẹja?"

Báyìí ló di pé Selby ń wakọ̀ lọ sí ìlú ńlá láti ra ọta, bí ọta bá tiẹ̀ wà níbẹ̀. Owó páálí rẹ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó páálí méjì tírí-ò-tírí, láìka epo ọkọ̀. Owó tírí-ò-tírí ti lé lóòótọ́, Àǹtí Effie kò purọ́, ṣùgbọ́n ó wà níbi tó ti máa ń wà, lókè ìyẹ̀fun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀. Selby kì í gbójú sókè wo pẹpẹ náà mọ́.

Àṣà kan tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Ní Sátidé tó ṣáájú ìgbà ọdẹ, gbogbo ọdẹ múùsì Skerry Arm máa ń péjọ sí kòtò tí wọ́n ti ń kó òkúta wẹ́wẹ́. Wọ́n á gbé ìdérí agolo ọ̀dà kọ́ sára pákó, oníkálukú á sì yìn ín títí tí ìbọn rẹ̀ yóò fi máa lu ibi tó ń wò. Kò sí ẹni tó gbà pé ìbọn tó tọ́ lọ́dún tó kọjá ṣì tọ́ lọ́dún yìí. Tíì á máa hó, wọ́n á máa fi ẹni tó bá tàsé ṣe yẹ̀yẹ́. Selby lọ, torí pé ẹni tí kò bá lọ ni wọ́n á sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù, ṣùgbọ́n kò yọ ìbọn rẹ̀ kúrò nínú àpò.

"Tèmi ti tọ́ tẹ́lẹ̀," ló wí.

Ìwé-àṣẹ ni kò ní lọ́wọ́ láti sọ òótọ́, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe máa ń wí nípa ẹni tí ìtìjú bá dí lẹ́nu. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bó bá ti ronú àtiyin ìdérí agolo, ńṣe ló dà bíi pé kí ó da àwo oúnjẹ sínú òkun.

Ìgbà ìwọ́wé yẹn, orúkọ wọn jáde. Ó yìnbọn lẹ́ẹ̀kan, múùsì ṣubú síbi tó dúró sí. Ó ṣeni láàánú pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ká ní ó tàsé lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí ara Garland ṣì le, tí wọ́n ṣì ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ níwájú, ì bá ti gbọ́n. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́nu.

"Ọta kan, múùsì kan," ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi í.

"Ọta kan, ariwo ọgọ́rùn-ún," ni Garland máa ń fi dá a lóhùn.

Orúkọ wọn kò jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò jáde lọ́dún kejì. Láàárín ìgbà náà ni àìsàn mú Garland nínú ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní St. John's, wọ́n fi rọ́bà tín-ín-rín kan sí abẹ́ awọ àyà rẹ̀ lápá ọ̀tún láti máa fi oògùn sí i lára, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé ìdí ìbọn kò gbọ́dọ̀ kan èjìká náà. Nígbà tó padà délé, aṣọ rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn lára rẹ̀. Ohùn rẹ̀ nìkan ni kò rù. Ọdún kẹta ni orúkọ wọn tún jáde.

Selby lọ kí i. Garland jókòó sídìí fèrèsé pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí ẹsẹ̀, Melvina, ìyàwó rẹ̀, sì ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì nílé ìdáná.

"O mọ pẹpẹ tó wà nísàlẹ̀ ilé," Garland ní, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ibi tí Melvina máa ń to ẹran tó bá sè sínú ìgò sí. Ó ṣófo. Mo fẹ́ kó kún kí n tó lọ. N ò fẹ́ kó jẹ́ ẹran tí wọ́n ń gbé wá fún opó ni yóò máa jẹ ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́. Tèmi ni mo fẹ́ kó jẹ."

"Má sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn."

"Ta ni kí n wá sọ ọ́ fún? Dókítà? Kò mọ̀yàtọ̀ láàárín múùsì àti màlúù." Ó wúkọ́ díẹ̀. "Ìwọ ni yóò yìn ín. Èmi á pè é. Kò sẹ́ni tó ní kí n má fi ẹnu ṣiṣẹ́."

"O kò tíì fi ẹnu sinmi rí."

"Gbọ́. Mú ìbọn mi. Ọkọ ọmọ mi ti yìn ín ní kòtò ní Sátidé, ibi tó o bá wò ló ń lù. Ọta sì wà nílẹ̀ bí ìyanrìn."

"Mo ní ìbọn."

"Mo mọ̀ pé o ní ìbọn, Selby. Ọta mélòó lo ní?"

"Ó tó."

Márùn-ún ló kù. Ó ti lọ sí ìlú ńlá, wọ́n ní kò sí, wọ́n ní yóò dé, kò sì tíì dé.

Nígbà tó délé, Verna náà bá a sọ ọ́. "Gba ìbọn Garland, Selby."

"Tí mo bá gbà á, mo ti sọ fún gbogbo Skerry Arm pé àṣìṣe ni mo ṣe."

"Gbogbo Skerry Arm ti mọ̀," Verna ní. "Ìwọ nìkan ni wọ́n ń dúró dè."

Lójú Selby, múùsì yìí ni yóò parí ẹjọ́ náà. Bó bá pa á fún Garland pẹ̀lú tú-éètì, kò sẹ́ni tí yóò tún fi ìbọn náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ kí pẹpẹ Melvina kún, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ìbọn tirẹ̀ ló kún un, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n mú dára. Atẹ́gùn rọlẹ̀, Garland sì jí pẹ̀lú agbára díẹ̀. Selby fi alùpùpù onítáyà mẹ́rin rẹ̀ fa kẹ̀kẹ́ ẹrù kékeré, ó tẹ́ tìmùtìmù sínú rẹ̀, ó sì gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sí i bí ẹyin.

"Wà á jẹ́jẹ́," Melvina ní lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹrù ọba lo gbé dání, ọmọkùnrin," Garland ní. "Tó o bá fọ́ mi, wàá san mí."

Wọ́n gba ojú ọ̀nà àwọn agégi. Níbi tí odò kékeré kan ti gé ọ̀nà, alùpùpù náà fò sókè lórí òkúta, okùn tí Selby fi de ìbọn mọ́ iwájú tú, ìbọn náà sì já sórí àpáta pẹ̀lú àpò rẹ̀. Orí ni ó fi lélẹ̀, níbi tí awò wà. Selby sáré gbé e, ó yọ ọ́. Awò náà kò fọ́. Àpá tuntun kan wà lára irin tó dè é mọ́ ìbọn, kò ju èékánná lọ.

"Yìn ín wò," Garland ní láti inú kẹ̀kẹ́.

"Kò ṣe é ní nǹkan kan."

"Bóyá. Yìn ín wò. Gbé agolo tíì sórí kùkùté yẹn."

"Tí mo bá yin mẹ́ta sára agolo, kí ni màá fi yin múùsì?"

Garland nawọ́ sẹ́yìn, sí ọ̀nà ilé. "Jẹ́ ká padà lọ mú tèmi."

Ojú ọ̀nà ti jìn. Bí wọ́n bá padà, òwúrọ̀ á ti lọ, agbára Garland á sì ti lọ pẹ̀lú rẹ̀. Selby mọ̀ ọ́n. Ó tún mọ̀ pé ká ní tírí-ò-tírí ló wà lọ́wọ́ òun, òun ì bá ti yin mẹ́wàá sí agolo náà láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó tọ́," ló wí. "Jẹ́ ká máa lọ."

Garland di ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ìbọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, òun kọ́ ni yóò pàṣẹ lé e lórí.

Wọ́n dé etí àbàtà kan tí koríko pupa kún inú rẹ̀, igbó sì yí i ká. Selby gbé Garland jókòó sórí kùkùté, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì yí i lẹ́sẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì dùbúlẹ̀ níwájú. Garland yọ èèpo igi tó ti ká bí fèrè láti inú ẹ̀wù rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu, ó sì fi ohùn abo pe múùsì.

Selby kò fetí sí i. Òkúta funfun kan wà ní òdìkejì àbàtà, òun ló ń fi awò wò. Ó ń bi ara rẹ̀ bóyá ìlà inú awò náà ti yẹ̀ sí ọ̀tún tàbí ojú òun ni. Ó ń wò ó títí ọwọ́ kan fi kàn án léjìká.

"Ó ń bọ̀," Garland rọra wí.

Akọ ńlá kan jáde láti inú igbó, ó gbé ìwo rẹ̀ sókè, ó ń wá ẹni tó pè é. Kò jìnnà. Ọmọdé lè pa á níbẹ̀. Selby fi ìlà awò lé ẹ̀yìn èjìká rẹ̀, ó mí, ó yìnbọn. Múùsì náà tẹ̀ lẹ́yìn, bí ẹran tí ọta bà ní ikùn ṣe máa ń ṣe. Ó tún yìn ín, ilẹ̀ fọ́n sókè níwájú rẹ̀. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ń fojú bu bí awò náà ṣe yẹ̀ tó, kò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀karùn-ún, èyí tó kẹ́yìn, ba igi. Múùsì náà dúró ní etí igbó, kò lọ, kò sì ṣubú.

Nígbà náà ni Garland ṣe ohun tí gbogbo ará Skerry Arm máa ń ṣe láìronú. Ó ti ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, ó kó ọta jáde, ó sì na àtẹ́lẹwọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Tírí-ò-tírí méje tàbí mẹ́jọ wà níbẹ̀, wọ́n ń dán nínú oòrùn. Selby ti na ọwọ́ tirẹ̀ kí ó tó rántí. Àwọn méjèèjì wo ọta náà. Garland rọra pa ọwọ́ rẹ̀ dé, ó dá wọn padà sínú àpò.

Múùsì náà wọ igbó lọ.

Selby tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àáké lọ́wọ́. Ó wọ inú igbó dídí, ó wọ ẹrẹ̀ dé orúnkún, ó sọ ipa ẹ̀jẹ̀ nù, ó tún rí i, ó tún sọ ọ́ nù. Nígbà tó fi padà, oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí igi. Garland ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dáná, ó ti se tíì fún èèyàn méjì. Tíì ti Selby ti tutù nínú ife. Selby kò mu ún. Ó gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́, ó sì wa alùpùpù délé láìyíjú wẹ̀yìn, torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú òun.

Ọkọ ọmọ Garland àti àwọn ọkùnrin mìíràn bá Selby wá múùsì náà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àwọn ẹyẹ ìwò ló júwe ibi tó kú sí. Ooru ti mú láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ikùn rẹ̀ sì ti bẹ́. Kò sí ohun tí wọ́n lè gbé wálé. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà fa Selby sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kò sẹ́ni tó rí i. Gba ìbọn mi, lọ pa òmíràn, kó o fi àmì ìwé-àṣẹ yín sí i. Ta ni yóò mọ̀?"

Selby gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Garland. Garland mi orí.

"Èyí tí mo pè nìyẹn, Selby. Òun ni tiwa. Fi àmì sí i."

Wọ́n so àmì ìwé-àṣẹ wọn mọ́ ẹran tó ti jẹrà, ọdún náà sì parí bẹ́ẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà òtútù náà, Selby kì í fi ọjọ́ méjì tẹ̀ lé ara wọn láìlọ sílé Hynes. Á wa yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn, á kó igi ìdáná wọlé, á wá jókòó sídìí fèrèsé. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.

"Ká ní mo gba ìbọn rẹ, Garland."

"Mo ti gbàgbé rẹ̀."

"Ká ní mo tiẹ̀ yìn ín wò sí agolo yẹn."

"Selby, ọmọkùnrin, mo ní mo ti gbàgbé rẹ̀. Mu tíì rẹ."

Á mu tíì. Bó bá tún di ọjọ́ kẹta, á tún bẹ̀rẹ̀. Garland kú kí yìnyín tó yọ́.

Àwọn ará abúlé ṣe ohun tó yẹ. Ilé kọ̀ọ̀kan gbé ìgò ẹran tirẹ̀ wá, pẹpẹ Melvina sì kún títí dé òkè. Orí ìgò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ orúkọ ẹni tó sè é sí, kò sí èyí tó jẹ́ ti Garland nínú wọn. Selby gbìyànjú láti ta ìbọn náà. Ẹni tó kọ́kọ́ wá wò ó fẹ́ràn igi rẹ̀, ó fẹ́ràn iye owó rẹ̀, ó wá béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta ọta rẹ̀. Selby sọ òótọ́ fún un. Ọkùnrin náà gbé e padà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn apẹja ti ń tún àwọ̀n ṣe, ó lọ bá Melvina láti bá a tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe. Nígbà tó ṣe tán, obìnrin náà gbé tíì síwájú rẹ̀.

"Melvina," ló bẹ̀rẹ̀, "ká ní mo gba ìbọn—"

"Selby, jọ̀ọ́." Melvina jókòó síwájú rẹ̀. "Ṣé o mọ ohun tó sọ fún mi nípa rẹ? Ó ní ó ti rẹ òun láti máa dárí jì ọ́."

Selby gbé ife sílẹ̀.

"Kò bínú sí ọ," Melvina ní. "Má gbọ́ ọ sódì. Ó fẹ́ràn kó o máa wá. Ṣùgbọ́n o kì í jẹ́ kó sọ tirẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, ìwọ á ti gbé ìbọn sáàárín. Ẹran ni ìwọ rò pé ó pàdánù. Mo mọ̀ pé ó dùn ún. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn nígbà tó wọlé lọ́jọ́ yẹn, Selby. Ó ti tutù, ó ń gbọ̀n, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ní, 'Melvina, mo pè é, ó dá mi lóhùn. Pẹ̀lú irú ẹ̀dọ̀fóró yìí. N kò pè é dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.' Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tó lè jẹ́rìí sí i. Ó ń retí kó o dá a sọ."

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ń yí nínú yàrá kejì. Selby wo fèrèsé, ó wo àga tó wà nídìí rẹ̀. Ó gbìyànjú láti gbọ́ ìpè náà nínú orí ara rẹ̀. Ó rí òkúta funfun, ó rí ìlà inú awò, ó rí àpá kékeré tó wà lára irin. Lẹ́yìn ìyẹn, ìró ìbọn ló gbọ́, lẹ́ẹ̀marùn-ún.

"Báwo ló ṣe pè é?" ló béèrè nígbẹ̀yìn.

Melvina wò ó, ó sì rọra fa ife rẹ̀ sún mọ́ra.

"Èmi ò mọ̀, Selby," ló wí. "Ìwọ lo wà níbẹ̀."